Ṣọ́ọ̀bù ti tì, dátà ṣì ń tán: òfin ìwọlé àti òfin ìjáde lórí ráútà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Sábó, Ìkòròdú: kọ̀ǹpútà márùn-ún, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, POS, kámẹ́rà CCTV, àti Wi-Fi tí mò ń tà fáwọn oníbàárà. MikroTik ni ráútà wa, mo sì ń san owó lóṣooṣù kí àwọn tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì lè ya àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún wa. Ọmọkùnrin kan bá wa ṣe é kí n lè máa wo kámẹ́rà látilé. Látìgbà yẹn ni dátà wa ti ń tán lóru, nígbà tí kò séèyàn kankan ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹlòmíràn wá ní kí n ti gbogbo ohun tó ń wọlé àti gbogbo ohun tó ń jáde pa. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo nǹkan dákẹ́, títí kan POS. Kí ni ìyàtọ̀ ìwọlé àti ìjáde yìí gan-an, òfin wo ló sì yẹ kí n kọ?

Ìyá Ìbejì, Sábó

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìnáwó. Ti dátà tó ń tán lóru ni n óò kọ́kọ́ mú, torí owó gidi ló ń bá a lọ. Bí a bá rí ìdí rẹ̀, ìyàtọ̀ tí ẹ ń bèèrè á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn fúnra rẹ̀.

Ibi tí mo máa kọ́kọ́ fojú sí ni DNS. DNS ló ń sọ orúkọ tí èèyàn tẹ̀ di àdírẹ́sì oní-nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń lò. MikroTik lè ṣe iṣẹ́ yìí fún gbogbo ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá lọ sí IP, tí ẹ tẹ DNS, ẹ ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ Allow Remote Requests sí. Bí wọ́n bá ti máàkì rẹ̀, ráútà á máa dá ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè lóhùn. Kò sí láburú níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí òfin kan bá ṣì wà nínú firewall, ìyẹn aṣọ́nà inú ráútà, tó ń dá àwọn ará ìta dúró. MikroTik kékeré tí wọ́n ń tà fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù máa ń gbé òfin yẹn dání wá láti ilé-iṣẹ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá yọ ọ́ kúrò, gbogbo ayé ni ráútà yín á máa dá lóhùn.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé irú ráútà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri tọ̀sántòru. Wọ́n á fi ìbéèrè kékeré ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe ní jàǹbá ni wọ́n á kọ síbi tó yẹ kí àdírẹ́sì tiwọn wà. Ráútà yín, tí kò mọ nǹkan kan, á wá da ìdáhùn tó tóbi ju ìbéèrè lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po lu onítọ̀hún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ráútà á máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà títí server ẹni yẹn á fi dákú. Ẹ ò mọ ẹni tó ń jà, ẹ ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà, ẹ̀yin lẹ sì ń ra ọta fún wọn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òun ni: lálẹ́, tí ẹ bá ti pa gbogbo kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì ti pa Wi-Fi, ẹ fi okùn so láptọ́ọ̀pù kan mọ́ ráútà, ẹ ṣí Winbox, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣètò MikroTik, ẹ lọ sí Tools, ẹ tẹ Torch. Ẹ mú ẹnu ráútà tó kọjú síta, ẹ máàkì Port àti Protocol, kí ẹ tẹ Start. Ohun tó ń kọjá lójú ẹsẹ̀ lẹ ó máa rí yẹn. Bí àwọn àdírẹ́sì tí ẹ ò mọ̀ rí bá ń tò wọlé lórí UDP, pọ́ọ̀tù 53 (UDP jẹ́ ọ̀nà kan tí dátà ń gbà rìn, pọ́ọ̀tù ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò, 53 sì ni ti DNS), ọwọ́ ti tẹ olè. Bí ẹ bá tún mú ẹnu ráútà tó kọjú sínú ṣọ́ọ̀bù, tó sì jẹ́ pé láti àdírẹ́sì ẹ̀rọ kámẹ́rà ni ọ̀pọ̀ dátà ti ń jáde, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, n óò dé ibẹ̀.

Mo lè fojú inú wo ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe, torí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti Agric títí dé òpópónà Ṣàgámù. Ó lọ sí NAT, ibi tí ráútà ti ń darí ohun tó ti ìta wá sí ẹ̀rọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí pọ́ọ̀tù kámẹ́rà síta: 8000 bó bá jẹ́ Hikvision, 37777 bó bá jẹ́ Dahua. Ó dán an wò lórí fóònù, kò ṣí. Ó wá rí àwọn òfin tí wọ́n kọ drop (dà á nù) sí, ó pa wọ́n, kámẹ́rà sì yọjú. Ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ọ̀kan lára àwọn òfin tó pa yẹn gan-an ló ń ṣọ́ ráútà fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìwọlé àti ìjáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohunkóhun tó bá ti ìta wá sórí kọ̀ǹpútà wọn, ìwọlé nìyẹn: fídíò tí wọ́n ń wò, fọ́ọ̀mù tí akẹ́kọ̀ọ́ Láspótẹ́ẹ̀kì ṣí (ó ti di yunifásítì láti 2022, àmọ́ ta ló ń pe orúkọ tuntun yẹn?), àwòrán tó dé sórí WhatsApp. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ìbéèrè tí firewall ń bi ara rẹ̀ ni pé, ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Bí kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù bá ló kọ́kọ́ ké sí server ilé-ìwé yẹn, ìjáde ni gbogbo ìtàkùrọ̀sọ náà, títí kan èsì tó ń padà bọ̀, bó ti wù kí èsì yẹn pọ̀ tó. Bí ẹnì kan níta, tí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù ò pè, bá ló kọ́kọ́ kàn yín lára, ìwọlé nìyẹn.

Ráútà ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ìtàkùrọ̀sọ tó ń lọ lọ́wọ́. Lórí MikroTik, ẹ lè rí i ní IP, Firewall, Connections. Packet, ìyẹn ìdì dátà kékeré kan, tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní new. Èyí tó jẹ́ ara ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni established. Èyí tí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ bí ni related. Èyí tí kò lórí tí kò nídìí ni invalid. Ẹ fi orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sọ́kàn, torí wọ́n ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ohun tó pa POS yín nìyẹn. Òfin “ti gbogbo rẹ̀ pa” tí ẹ kọ wà lókè pátápátá. Ráútà ń ka òfin láti òkè wá sísàlẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ tó bá packet mu ló ń dá ẹjọ́, kò sì sí kòtẹ́milọ́rùn. POS fẹ́ bá báǹkì sọ̀rọ̀, òfin òkè ní rárá. Èsì tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fẹ́ wọlé, òfin òkè ní rárá. Bí ẹ bá kọ ogún òfin dáadáa sísàlẹ̀ rẹ̀, ráútà ò ní kà á dé ibẹ̀. Òfin “ti gbogbo rẹ̀ pa” yẹn dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni ipò rẹ̀.

Ibi tí MikroTik ti ń dà àwọn èèyàn láàmú ni pé ẹ ò ní rí Inbound àti Outbound níbẹ̀ bíi ti àwọn ráútà ilé kan. Chain (ọ̀wọ́ òfin) mẹ́ta lẹ ó rí: input, forward, output. Input ni ohun tó ń bọ̀ wá bá ráútà fúnra rẹ̀. Forward ni ohun tó ń gba inú ráútà kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ láti inú síta tàbí láti ìta sínú. Output ni ohun tí ráútà fúnra rẹ̀ ń fi ránṣẹ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìwọlé tí ẹ ń bèèrè wá di méjì báyìí: ẹni tó ń wá ráútà, àti ẹni tó ń wá ohun tó wà lẹ́yìn ráútà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ òfin forward tó rẹwà, wọ́n á sì gbàgbé input. Ọ̀nà input sì ni àwọn tó ń fi DNS yín jagun gbà wọlé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tẹ Safe Mode lókè Winbox. Bí òfin tí ẹ kọ bá gé ẹ̀yin fúnra yín kúrò, MikroTik á dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tún un tẹ̀ kí ó lè gba àyípadà náà wọlé. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ìgbésẹ̀ kejì yìí, wọ́n á ti Winbox, iṣẹ́ wákàtí kan á sì ṣòfò. Ẹ fi export ṣe ẹ̀dà kan pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú.

Òfin input tí ṣọ́ọ̀bù yín nílò kò pọ̀:

/ip firewall filter
add chain=input connection-state=established,related,untracked action=accept
add chain=input connection-state=invalid action=drop
add chain=input protocol=icmp action=accept
add chain=input protocol=udp dst-port=51820 action=accept
add chain=input in-interface-list=!LAN action=drop

Ìlà àkọ́kọ́ ń gba èsì ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ (untracked ni èyí tí ẹ bá ní kí ráútà má ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀). Ìkejì ń da àwọn aláìlórí nù. Ìkẹta jẹ́ kí ping, ìyẹn ìbéèrè “ṣé o wà níbẹ̀?” láàárín ẹ̀rọ, ṣiṣẹ́. Àwọn kan á ní kí ẹ dí ping kí olè má baà rí yín. Olè tó ń wá pọ́ọ̀tù kì í dúró de ping, ẹni tí ẹ bá pè láti wá tún ìlà yín ṣe ni dídí rẹ̀ máa yọ lẹ́nu. Ìkẹrin jẹ́ ti WireGuard, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ẹ máa fi wọ ṣọ́ọ̀bù látìta, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ìkarùn-ún ni òfin tí ọmọkùnrin yẹn pa: ohunkóhun tí kò bá ti ẹ̀gbẹ́ LAN, ìyẹn inú ṣọ́ọ̀bù, wá, dànù. Ẹ kíyè sí àmì ìyanu tó wà níwájú LAN yẹn, “yàtọ̀ sí” ló túmọ̀ sí.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ báyẹn dípò kí n kọ “ohunkóhun tó bá gba ether1 (ihò okùn àkọ́kọ́ lára ráútà) wọlé, dànù” ni PPPoE. Bí àwọn tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì bá fún yín ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù láti fi wọlé, ẹnu tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kì í ṣe ether1 mọ́, pppoe-out1 ni. Òfin tó dárúkọ ether1 á máa wo òfuurufú nígbà tí gbogbo èèyàn ń gba ibòmíràn kọjá. Ẹ lọ sí Interfaces, Interface List, kí ẹ rí i pé pppoe-out1 wà nínú WAN (ẹ̀gbẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì), kó má sì sí nínú LAN. Mo ti rí ráútà tí òfin orí rẹ̀ pé pérépéré, tó sì ṣí sílẹ̀ gbayawu torí nǹkan kékeré yìí.

Forward ló kù, ibẹ̀ sì ni ìjáde wà. Ẹ fi established àti related sókè, kí ẹ gbà wọ́n. Ẹ da invalid nù. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin tó ń ya àwọn oníbàárà Wi-Fi kúrò lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ra wákàtí kan kò ní nǹkan kan í wá lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń tẹ ìwé àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: firewall kì í rí ohun tí kò bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí Wi-Fi oníbàárà àti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá jọ wà lórí bridge (àwọn ẹnu ráútà tí wọ́n so pọ̀ bí ọ̀kan) kan náà, tí wọ́n sì ń lo àdírẹ́sì kan náà, bíi 192.168.88 tó bá MikroTik dé, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, òfin yín á sì dúró lásán. Ẹ yọ Wi-Fi oníbàárà kúrò nínú bridge ọ́fíìsì, ẹ fún un ní àdírẹ́sì tirẹ̀, 10.20.0.0/24 fún àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn náà ni òfin “láti oníbàárà sí ọ́fíìsì, dànù” á tó ríṣẹ́ ṣe. Ẹ má ṣe fi ẹnu ráútà tuntun yẹn sínú LAN, kí oníbàárà má baà lè ṣí Winbox. Ẹ kàn kọ òfin input kan ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, tó jẹ́ kí wọ́n lè dé pọ́ọ̀tù 53 ráútà, torí wọ́n nílò DNS.

Ní ti òfin ìjáde, èrò mi lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó ní kí ẹ ti gbogbo rẹ̀ pa. Ní báǹkì tàbí ilé ìwòsàn, ó tọ́ kí wọ́n ti gbogbo ìjáde, kí wọ́n sì máa ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá nílò. Ní bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà, ìyà ni. Ẹ ó ṣí 80 àti 443 fún ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rò pé ó tó. Lọ́la, ìpè WhatsApp ò ní lọ, torí UDP lórí pọ́ọ̀tù míì ló ń lò. Lọ́túnla, ímeèlì ẹnì kan ò ní wọlé, kò sì ní jáde, torí 993 àti 587 ló fẹ́. Aago kọ̀ǹpútà á máa fà sẹ́yìn nítorí 123. Àwọn oníbàárà á kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹ̀yin á sì pa firewall náà nínú ìbínú.

Ohun tí mo máa ṣe ni pé màá gba ìjáde fún èèyàn, màá sì dí i fún ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà, fóònù àti POS lè lọ síbi tó wù wọ́n, àyàfi pọ́ọ̀tù díẹ̀ tí n óò dárúkọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ kámẹ́rà kò ní lọ síbì kankan. Kí ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láago méjì òru? Ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà ní DHCP, Leases, Make Static, kí ẹ kọ òfin forward pé ohun tó bá ti àdírẹ́sì wọ̀nyẹn wá, tó sì ń gba WAN jáde, kí ráútà dà á nù. Kámẹ́rà nílò aago tó péye kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè wúlò bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọlọ́pàá, nítorí náà ẹ tan NTP Server lórí ráútà, kí ẹ ní kí kámẹ́rà máa bi ráútà léèrè aago.

Kámẹ́rà ni mo tẹnu mọ́ jù, mo sì ní ìdí. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń wọnú kámẹ́rà, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ àti ráútà kárí ayé. Páswọ́ọ̀dù tó bá ẹ̀rọ dé láti ilé-iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò yí padà, ló fi ń wọlé gba ọ̀nà Telnet, pọ́ọ̀tù 23 àti 2323. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn lu ilé-iṣẹ́ DNS kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Dyn, Twitter àti ọ̀pọ̀ ojú-ìwé ńlá mìíràn sì di àwátì fún ọ̀pọ̀ èèyàn fún wákàtí mélòó kan. Àwọn tó ni kámẹ́rà náà ò mọ̀. Kámẹ́rà wọn ṣì ń fi àwòrán hàn. Òfin ìwọlé ì bá ti dá kòkòrò náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá tiẹ̀ ráyè wọlé, òfin ìjáde ni kò ní jẹ́ kó rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ẹ dí pọ́ọ̀tù ìjáde wọ̀nyí fún gbogbo èèyàn: TCP 25, tí àwọn tó ń fi ímeèlì jìbìtì ránṣẹ́ ń lò, torí bí kọ̀ǹpútà oníbàárà kan bá ń fi í ṣiṣẹ́ ibi, àdírẹ́sì tí ẹ ń san owó lé lórí yẹn ni wọ́n máa kọ sínú ìwé dúdú. Bákan náà ni 135, 139 àti 445, tó jẹ́ ti fáìlì Windows. 445 ni WannaCry gbà tàn kálẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Ó yẹ kí ó mọ láàárín ọ́fíìsì, kò sóhun tó ń gbé e jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn wọn ni òfin tó gba ọ́fíìsì àti oníbàárà láyè láti gba WAN jáde. Ìgbà yẹn ni “gbogbo ohun tó kù, dànù” á wá jókòó sísàlẹ̀. Ó ṣe tán. Bí ẹnì kan bá gbé ogójì òfin tó dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá fún yín, ẹ ní kó máa gbé e lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ dí YouTube kí dátà má tán, firewall pọ́ọ̀tù kọ́ ló máa bá yín ṣe é, 443 kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Queue ni kí ẹ lò, kí ẹ dín ìwọ̀n tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan lè fà kù. Bí ẹ bá ṣe Simple Queue tí kò ṣiṣẹ́, ẹ wo òkè forward bóyá fasttrack, ọ̀nà àbùjá inú ráútà, wà níbẹ̀. Packet tó bá bá fasttrack lọ kì í kan queue yẹn rárá.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa wo kámẹ́rà látilé. Ẹ pa ọ̀nà tí ọmọkùnrin yẹn ṣí ní NAT. Páswọ́ọ̀dù kámẹ́rà nìkan kò tó láti dúró níwájú gbogbo ayé. Ihò ti wà nínú sọ́fítíwíà àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí rí, èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn wọlé láìmọ páswọ́ọ̀dù. WireGuard ni kí ẹ lò. Ó wà nínú RouterOS 7, sọ́fítíwíà tó ń darí MikroTik, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní ápù lórí fóònù. Ẹ ó ṣe é lórí ráútà, ẹ ó ṣe é lórí fóònù yín, wọ́n á pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ìlà kẹrin tí mo kọ sókè yẹn á sì jẹ́ kó wọlé. Ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́, WireGuard kì í dá a lóhùn rárá, bíi pé kò séèyàn nílé. Ẹ fi òfin forward kan kún un, ṣáájú èyí tó kẹ́yìn: láti wireguard1 sí àdírẹ́sì kámẹ́rà, gbà.

Gbogbo èyí ń ṣiṣẹ́ torí pé ẹ ń sanwó fún àdírẹ́sì tiyín. Ẹ wò ó bóyá lóòótọ́ ni wọ́n fún yín: àdírẹ́sì tó wà lórí ẹnu WAN kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 192.168, kò sì gbọdọ̀ wà láàárín 100.64.0.0 àti 100.127.255.255. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn lẹ jọ ń pín àdírẹ́sì kan. Ẹnikẹ́ni níta ò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ráútà yín, WireGuard náà ò ní lè wọlé, a jẹ́ pé ẹ béèrè owó yín padà nìyẹn. Tí wọ́n bá sì fún yín ní IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tó gùn ju ti àtijọ́ lọ, gbogbo òfin tí a kọ yìí kò kàn án. Ibòmíràn ni MikroTik tọ́jú tirẹ̀ sí, ní IPv6, Firewall, ó sì yẹ kí òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. ICMPv6 nìkan ni ẹ ò gbọdọ̀ dí níbẹ̀, torí IPv6 kì í ṣiṣẹ́ láìsí i.

Níwọ̀n bí ráútà yín ti wà ní ṣíṣí fún gbogbo àsìkò yìí, mi ò ní fọkàn tán an títí n óò fi wo inú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, MikroTik dí ihò kan nínú Winbox, pọ́ọ̀tù 8291, tó ń jẹ́ kí ará ìta jí páswọ́ọ̀dù kó. Ọ̀pọ̀ ló gbé sọ́fítíwíà tuntun wọlé, tí wọn ò yí páswọ́ọ̀dù padà. Ní 2021, àwọn ráútà tí wọ́n ti wọ̀ láti 2018 wọ̀nyẹn wà lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Mēris. Nítorí náà, ẹ wo System, Scheduler: bí iṣẹ́ kan bá wà níbẹ̀ tó ń fi fetch gbé nǹkan wá láti ibi tí ẹ ò mọ̀, kì í ṣe tiyín. Ẹ wo IP, Socks, kí ó wà ní pípa. Ẹ wo PPP bóyá L2TP client kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò ṣe. Ẹ wo input bóyá òfin kan ń gba pọ́ọ̀tù 5678 wọlé. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹ fi Netinstall nu ráútà mọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ ṣì gbé RouterOS tuntun wọlé, ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, ẹ sì lọ sí IP, Services, kí ẹ pa telnet, ftp, api àti www.

Ohun kan tó lè jẹ́ kí ẹ rò pé òfin yín kò ṣiṣẹ́: ọ̀rọ̀ tó ti ń lọ kí ẹ tó kọ òfin tuntun, established ni, òfin òkè á sì máa gbà á. Ẹ lọ sí Connections, ẹ pa àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́, tàbí kí ẹ tún ráútà tàn. Tí ẹ bá sì ronú láti kọ òfin tó ń wo aago, bíi kí Wi-Fi oníbàárà kú láago mẹ́wàá alẹ́, ẹ rántí pé aago ọ̀pọ̀ ráútà kékeré kò ní bátìrì. Iná á lọ, iná á dé, aago á ti ṣìnà títí NTP á fi tún un ṣe. Ẹ tan NTP Client kí ẹ tó kọ irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò kò gbọdọ̀ wáyé látinú ṣọ́ọ̀bù, torí inú lẹ ó ti máa wo inú. Ẹ pa Wi-Fi lórí fóònù yín, ẹ lo dátà síìmù. Ẹ fi Winbox tàbí buráúsà gbìyànjú láti ṣí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù: kò gbọdọ̀ dáhùn. Ẹ ṣí ápù kámẹ́rà: kò gbọdọ̀ ṣí. Ẹ tan WireGuard, ẹ tún ápù náà ṣí, kí ẹ fi àdírẹ́sì inú ilé kámẹ́rà sínú rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ṣí. Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi káàdì kan dán POS wò, ẹ pe ẹnì kan lórí WhatsApp, ẹ tẹ ìwé kan láti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kí ẹ sì fi fóònù tó wà lórí Wi-Fi oníbàárà gbìyànjú láti dé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èyí tí kò yẹ kó ṣeé ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin kọ̀ọ̀kan, iye packet tó ti bá a mu wà níbẹ̀. Èyí tó bá dúró sí òdo lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ tún tan Torch. Bí àwọn àjèjì bá ṣì ń kan pọ́ọ̀tù 53 láti ìta, ẹ má dààmú, wọ́n á máa kàn án fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí ìdáhùn mọ́. Ọwọ́ Tx ni kí ẹ wò, ìyẹn ohun tó ń jáde lọ́dọ̀ yín: òun ló gbọ́dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ ya àwòrán Torch náà àti ojú-ewé Filter Rules, kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan bo àdírẹ́sì yín tó wà lórí wọn.